Ìrìn Bàbá Dúpẹ́ Níwájú Pẹpẹ

Ìdajì irùngbọ̀n ni Bàbá Dúpẹ́ fá lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ń dán, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì funfun bí òwú. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì níwájú yàrá iṣẹ́ mi nílé ìwòsàn, bùbá àti ṣòkòtò rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó sì dá a lójú pé òun fá irùngbọ̀n òun tán. Àwọn aláìsàn tó kù ń fọwọ́ bo ẹnu. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí mo wo ojú ìyàwó rẹ̀ tí ẹ̀rín gbẹ mọ́ mi lẹ́nu.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi bi í," ni Ìyá Dúpẹ́ wí. "Ẹ bi í bóyá ó fá a tán."

"Mo fá a tán," ni Bàbá dáhùn. "Àbí ẹ̀yin náà ti bá wọn lẹ̀dí àpò pọ̀?"

Èdè Ìdànrè ló fi sọ ọ́. Gbogbo ohun tó bá sọ nínú ìtàn yìí, mo kọ ọ́ bí ará ibòmíràn náà á ṣe lè gbọ́ ọ.

Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Oníṣẹ́ fisió ni mí, ìyẹn ẹni tó ń kọ́ apá àti ẹsẹ̀ tó ti gbàgbé iṣẹ́ wọn níṣẹ́ padà. Mo ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí ní Odode, ní Ìdànrè níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, títí ẹnu fi ń ro mí. Lójú àwọn ènìyàn mi, ẹni tó bá ti wọ aṣọ funfun nílé ìwòsàn, tí kì í bá ti í ṣe dókítà, nọ́ọ̀sì ni. Àwọn kan tilẹ̀ ń pè mí ní nọ́ọ̀sì afanilẹ́sẹ̀. Mo ń jẹ́ ẹ.

Àgbẹ̀ kòkó ni Bàbá Dúpẹ́, ní abúlé Atosin. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ó ń ṣàìsàn, àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣàkíyèsí pé tó bá ń já kòkó, èso tó wà lápá ọ̀tún igi nìkan ló ń já. Èyí tó pọ́n sápá òsì yóò rọ̀ síbẹ̀ títí yóò fi jẹrà. Àwọn kan ní ó ti ya ọ̀lẹ. Àwọn mìíràn ní ayé ló ń ṣe é. Nínú ilé, ìjà ni wọ́n fi ń jẹun, nítorí Ìyá Dúpẹ́ á bu ẹran sí ọbẹ̀, ọkọ rẹ̀ á sì máa pariwo pé kò bu ẹran fún òun. Ìyá rò pé ọkọ òun ń wá ẹ̀sùn sí òun lẹ́sẹ̀ láti lè fẹ́ ìyàwó mìíràn. Bí wọ́n ṣe ń bá a lọ nìyẹn títí ọjọ́ tí gìrì mú Bàbá nínú oko, tí wọ́n gbé e digbádìgbá lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n ya àwòrán orí rẹ̀. Jẹjẹrẹ ọpọlọ ni, apá ọ̀tún ló jókòó sí. Wọ́n ṣí orí, wọ́n yọ ìwọ̀n tí ọ̀bẹ lè yọ láìba nǹkan jẹ́, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀. Wọ́n fún un ní oògùn méjì tí kò gbọdọ̀ pa jẹ: ọ̀kan tí kò ní jẹ́ kí ọpọlọ wú, ọ̀kan tí kò ní jẹ́ kí gìrì padà wá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi.

Apá ọ̀tún ọpọlọ ló ń ṣàkóso apá òsì ara. Ọwọ́ òsì Bàbá ti wúwo, ẹsẹ̀ òsì ń wọ́ ìka nílẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó le jù ni pé òsì fúnra rẹ̀ ti kúrò nínú ayé rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò fọ́. Ojú ń rí i, ọpọlọ ni kò kà á mọ́ ohun tó wà. Nítorí náà ni irùngbọ̀n òsì kò fi sí, kòkó òsì kò sí, ẹran tó wà lápá òsì àwo náà kò sí.

Mo sọ fún Ìyá Dúpẹ́ pé tí Bàbá bá jẹun dé ìdajì, kó yí àwo náà kí ìdajì tó kù lè bọ́ sápá ọ̀tún. Nígbà tí wọ́n padà wá, kò tí ì jókòó tó fi bẹ̀rẹ̀ ìròyìn.

"Nọ́ọ̀sì, mo yí àwo. Ó ní ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bu ẹran sí i!"

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé omi ojú tirẹ̀ kò dúró mọ́. "Gbogbo èpè tí mo ṣẹ́ fún un lórí ẹran yẹn ńkọ́?" ló ń wí. "Gbogbo rẹ̀ ńkọ́?"

Ibi tí jẹjẹrẹ bá jókòó sí nínú orí ni yóò sọ ohun tí yóò gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Mo ti tọ́jú tíṣà obìnrin kan, oníwà tútù bí àdàbà, tí tirẹ̀ wà níwájú orí. Kí àyẹ̀wò tó jáde, ó ti bú ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ó ti bú ìyá ọkọ lójú agbo, ọkọ sì ti dá a padà sílé bàbá rẹ̀. Nígbà tí ọkọ gbọ́ pé àìsàn ni, ó wá dọ̀bálẹ̀. Obìnrin náà wò ó, ó ní, "Ta nìyí?" Mo tún tọ́jú mẹkáníìkì kan, Mùsùlùmí tí kò fẹnu kan ọtí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, tí tirẹ̀ wà ní ìpàkọ́. Ńṣe ló ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n bí ọ̀mùtí. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí a máa dọ́gbọ́n gbóòórùn ẹnu rẹ̀ kí wọ́n tó bá a bọwọ́. Àwọn mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ ń sá mọ́ lẹ́nu, tí wọ́n á fẹ́ pe omi, tí wọ́n á pe àga. Gbogbo wọn ló sì máa ń rẹ̀, àárẹ̀ tí oorun kì í mú lọ, tí àwọn ará ilé sì ń pè ní ìmẹ́lẹ́.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, ló kìlọ̀ fún mi nípa irú àwọn wọ̀nyí. Mo ṣì kéré nígbà náà, inú mi ń dùn pé aláìsàn jẹjẹrẹ ọpọlọ kan tí mò ń tọ́jú ti ń na ọwọ́. Ó fà mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù, ó ti ṣubú tán kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ńṣe lò ń bá a gòkè. Eléyìí ṣì ń sọ̀kalẹ̀ ni. Má tàn án, má sì tan ara rẹ. Di ọwọ́ rẹ̀ mú kó rọra sọ̀ ni."

Mo rò pé ìkà ni obìnrin náà. Ọdún gorí ọdún kí n tó mọ̀ pé àánú mi ló ń ṣe é.

Èmi náà bi Bàbá Dúpẹ́ ní ìbéèrè tí mo máa ń bi gbogbo wọn: kí lẹ fẹ́ kí ara yín lè ṣe? Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Ìkórè ń bọ̀," ló wí. "Èmi ni mo máa ń ṣáájú àwọn àgbẹ̀ lọ síwájú pẹpẹ. Mi ò fẹ́ kí wọ́n gbé mi. Mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara mi dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run."

Ìjọ aládùúrà ni wọ́n, aláṣọ funfun. Níbẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Fún ẹsẹ̀ tó bá ń wọ́ ìka nílẹ̀, a ní ike kan tí a máa ń fi gbá ẹ̀yìn ojúgun mú, tó ń gbé iwájú ẹsẹ̀ sókè. Ike náà kò níṣẹ́ tó lè ṣe láìsí bàtà. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ti wọ sùtánà ní ìjọ wọn, ẹsẹ̀ lásán ló gbọdọ̀ fi rìn.

"Ẹ wọ bùbá lọ lọ́jọ́ náà," ni mo wí, "kí ẹ lè wọ bàtà."

Bàbá wò mí bí ẹni pé mo ní kó wà níhòhò lọ.

Mo ronú títí, mo ní a ó lo báńdéèjì tó ń fà, tí a ó gbà lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, tí a ó lọ́ pọ̀ lókè ẹsẹ̀, tí a ó so mọ́ abẹ́ orúnkún kó lè máa fa ìka ẹsẹ̀ sókè. Ìyá Dúpẹ́ ní àfi ká bi Alàgbà, olórí ìjọ wọn, bóyá báńdéèjì kò di bàtà. Alàgbà, arúgbó pẹ̀lẹ́ kan tí òun náà ń roko, yẹ̀ ẹ́ wò, ó nà án, ó fi di ọwọ́ ara rẹ̀ wò.

"Báńdéèjì kì í ṣe bàtà," ló parí ẹjọ́. "Tó bá jẹ́ bàtà, àwọn tí àdá ṣá lẹ́sẹ̀ lóko á ti máa dúró síta."

Mo tún so rìbọ́ọ̀nù pupa mọ́ ọwọ́ òsì Bàbá, kí ojú rẹ̀ lè máa wá apá òsì lọ. Nígbà tí mo lọ bẹ̀ wọ́n wò nílé ní Atosin, rìbọ́ọ̀nù ti pòórá. "Nọ́ọ̀sì, èèwọ̀ ni pupa ní ìjọ wa, kì í wọ ilé wa," ni Ìyá wí. Mo so búlúù. Búlúù wọlé.

Ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ń sá kòkó sí nínú ọgbà ni a ti ń dánra wò. Mo kọ́ ọ pé kó tó gbé ẹsẹ̀, kó kọ́kọ́ wá ọwọ́ òsì rẹ̀ rí.

"Bàbá, ọwọ́ òsì dà?"

"Ó ti lọ sóko."

"Ẹ pè é padà."

Yóò rọra yí orí, yóò wá a, wá a, títí ojú rẹ̀ á fi bọ́ sórí búlúù. "Ó ti dé," ni yóò wí, a ó sì gbé ẹsẹ̀ kan. Ọjọ́ mìíràn wà tí àárẹ̀ á mú un kó tó débi òpó, tí yóò jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tí yóò máa sunkún bí ọmọdé, nítorí àìsàn náà ti gba ìjánu ẹkún lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń padà dìde. Mo nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà, kí n má purọ́.

Kí ìkórè tó dé, mo pe Ìyá Dúpẹ́ àti Dúpẹ́ ọmọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́, jókòó. Mo ní, "Tí Bàbá bá rìn, oògùn ló jẹ́ kó lágbára, ìdánrawò ló kọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Jẹjẹrẹ náà kò tí ì lọ. Kò ní lọ. Ẹ má fi oògùn náà ṣeré."

"A ti gbọ́, Àǹtí," ni Dúpẹ́ wí. Ìyá rẹ̀ náà ní òun ti gbọ́.

Èmi kì í ṣe ọmọ ìjọ wọn, ṣùgbọ́n mo bọ́ bàtà mi sẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ ìkórè, mo jókòó létí ọ̀nà àárín, lápá òsì, níbi tí mo ti lè gbá a mú. Bàbá Dúpẹ́ wọlé nínú sùtánà funfun tó bo báńdéèjì mọ́lẹ̀. Ó dúró, ó wá ọwọ́ rẹ̀, ó rí i. Ó gbé ẹsẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ tẹ̀lé e pẹ̀lú iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Wọ́n dá orin, gbogbo ìjọ dìde dúró, fóònù tó ń ya fídíò wà lókè lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tó débi pẹpẹ tó kúnlẹ̀, èmi náà bú sẹ́kún. Nínú gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ yìí, mi ò rí ohun tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìyá Dúpẹ́ gba makirofóònù. "Ẹ bá mi yin Ọlọ́run! Jẹjẹrẹ ọpọlọ ló mú ọkọ mi. Àwọn dókítà ní kò ní rìn mọ́ láéláé. Ẹ wò ó! Jésù ti wò ó sàn pátápátá!"

Kò sí dókítà kankan tó sọ pé kò ní rìn. Ohun tí wọ́n sọ ni pé kò ní pẹ́ láyé.

Nígbà tí mo tún dé Atosin, Bàbá wà lórí ibùsùn lọ́sàn-án gangan. Ó ti bì lówùúrọ̀, ó ní orí ń fọ́ òun. Mo pe orúkọ rẹ̀, ó pẹ́ kó tó dáhùn. Mo ní kí Ìyá Dúpẹ́ gbé àpò oògùn wá. Ó ń kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, gbogbo ohun tí wọ́n rà kẹ́yìn sì pé nínú rẹ̀.

"Màmá, kí ló dé?"

Ó mú orí wálẹ̀. "Nọ́ọ̀sì, mo ti jẹ́rìí."

"Ẹ jẹ́rìí kẹ̀, kí ni ìyẹn ní í ṣe pẹ̀lú oògùn?"

"Mo ti dúró níwájú pẹpẹ, mo ní Ọlọ́run ti wò ó sàn. Tí mo bá délé tí mo tún ń ka oògùn sí i lọ́wọ́, kí ni mo pe Ọlọ́run? Ṣé kì í ṣe òpùrọ́ ni mo pè é?"

Inú bí mi. Mo gun ọ̀kadà lọ bá Alàgbà lóko. Kí n má parọ́ mọ́ ọkùnrin náà, ó sọ àdá sílẹ̀, ó tẹ̀ lé mi lẹ́sẹ̀ kan náà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ní, "Ìyá Dúpẹ́, ta ló ní kẹ́ ẹ dá oògùn dúró? Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Baba, ṣé ó ti sàn àbí kò tí ì sàn?" ni obìnrin náà bi í. "Ṣé irọ́ ni mo pa fún gbogbo ìjọ ni?"

Alàgbà wo Bàbá lórí ibùsùn, ó wo ilẹ̀. "Ẹ fún un ní oògùn," ló kàn wí. Ìyá fún un. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, gìrì dé, ọ̀kan ń tẹ̀ lé òmíràn, a sì gbé e padà sí ilé ìwòsàn ńlá. Ó padà sílé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tún fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì dín kù di "omi" àti "ó dùn mí."

Mo rò ó títí, mo sì tún ń rò ó. Ká ní mo ṣiṣẹ́ mi láìdára, ká ní wọ́n fi àga gbé Bàbá wọ ìjọ lọ́jọ́ náà, kì bá tí sí ẹ̀rí tí ẹnikẹ́ni máa jẹ́, oògùn ìbá sì wà lẹ́nu rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa ní irú ìyẹn nílé ẹ̀kọ́. Ẹ má sọ fún mi pé Ọlọ́run mọ ìdí. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó wá kí wọn, kò tù mí nínú.

Iṣẹ́ tó kù fún mi kò ju yíyí lọ. Ẹni tó bá dùbúlẹ̀ sójú kan, egbò á dá sí i lẹ́yìn, nítorí náà ni mo ṣe kọ́ Ìyá Dúpẹ́ bí a ṣe ń ti ìrọ̀rí sábẹ́ orúnkún, bí a ṣe ń fi aṣọ ìtẹ́lẹ̀ fa ènìyàn yí láìfa èjìká rẹ̀ yọ. Kíákíá ló mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ kan tí àwa méjèèjì jọ dì í mú báyìí, ó bi mí láìwo ojú mi.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé èmi ni mo pa á?"

"Rárá, Màmá. Jẹjẹrẹ ló ń pa á. Àtìgbà tí wọ́n ti ya àwòrán ló ti ń pa á."

"Ṣùgbọ́n ṣé mo bá a yára?"

Mo ní kó di aṣọ mú lápá ọ̀dọ̀ rẹ̀, a sì yí Bàbá sápá ọ̀tún.

Ó kú kí ọyẹ́ tó kásẹ̀ nílẹ̀. Alàgbà sunkún níbi ìsìnkú ju àwọn ọmọ lọ. Èmi kò lè dúró títí wọ́n fi bo ilẹ̀.

Mo ti súnmọ́ ìfẹ̀yìntì báyìí, ẹsẹ̀ tèmi náà sì ti ń dùn mí. Láìpẹ́ yìí, ọmọbìnrin kan tó ń ta aṣọ ní Odode ti ọkọ rẹ̀ wọlé sọ́dọ̀ mi nínú kẹ̀kẹ́ aláìsàn. Ọwọ́ ọ̀tún ọkùnrin náà ti rọ, kò lè sọ̀rọ̀, àwòrán ọpọlọ rẹ̀ wà nínú àpò ńlá lórí itan rẹ̀. Ìbòrí wà lórí obìnrin náà, Mùsùlùmí ni wọ́n, ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀ kí mi bí ẹni tó ti rí olùgbàlà.

"Ẹ̀yin ni nọ́ọ̀sì tó wo Bàbá Atosin sàn, àbí? Àwa náà ti wá."

"Ta ló sọ fún yín?"

Ó na fóònù sí mi. Ẹnìkan ló fi ránṣẹ́ sí i lórí Wasáàpù, ó ní nọ́ọ̀sì Odode ló wo Bàbá náà sàn, ẹlòmíràn ló fi ránṣẹ́ sí ẹni yẹn. Bàbá Dúpẹ́ ni mo rí, nínú sùtánà funfun, tó ń yí orí, tó ń wá ọwọ́ rẹ̀, tó ń gbé ẹsẹ̀. Orin ń lọ. Èmi kò hàn nínú fídíò náà rárá, àfi ọwọ́ mi kan tó nà jáde létí ọ̀nà tí kò sì kan ẹnikẹ́ni.

"Ìyàwó," ni mo wí, mo rọra di ọwọ́ rẹ̀ mú, "Bàbá yìí ti kú."

Ó wo ojú mi. Ó wo fóònù. Ó tún wo ojú mi bí ẹni tó fẹ́ mọ ìdí tí àgbàlagbà fi ń parọ́ fún òun.

"Òun nìyí, mà, ó ń rìn," ló wí, ó sì tún tẹ fídíò náà kí n lè wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀.